Monílọ́lá Gbálẹ̀ fún Ìgbín

Monílọ́lá fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbá.

Bó bá ti jí láàárọ̀ nílé wọn ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, á mú ìgbálẹ̀. Ṣàà! Ṣàà! Ṣàà! Kò ní í jẹ́ kí ewé kan ṣoṣo kù nílẹ̀. Ẹ ò rí ọmọ yìí!

Nígbà ọlidé Àjíǹde, Monílọ́lá lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró. Màmá Oko ló ń pè é, torí inú oko kòkó ló máa ń wà ṣáá.

Màmá Oko fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi kòkó kan. Ó rọra ṣí ewé gbígbẹ. Ó rọra tú erùpẹ̀.

Ẹyin! Ẹyin róbótó-róbótó, kò ju ẹ̀pà lọ.

"Ẹyin kí ni, Màmá?"

"Ẹyin ìgbín ni. Tẹ́lẹ̀, ìgbín pọ̀ lóko yìí bí nǹkan míì. Ní báyìí, oòrùn ti le jù. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ. Ìgbín kan ṣoṣo ni mo rí lọ́dún yìí. Òun ló yé ẹyin yìí."

"Bí ọmọ ò bá jáde níbẹ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ìgbín tán lóko wa nìyẹn."

Màmá Oko bo ẹyin náà padà. "Rọra o! Ọmọ tuntun ń bọ̀."

Ọmọ tuntun! Inú Monílọ́lá dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Oko lọ pọnmi lódò. Monílọ́lá wo abẹ́ igi kòkó. Ewé níbí, ewé lọ́hùn-ún.

"Háà! Ọmọ tuntun ń bọ̀, ilé wọn wá rí báyìí?"

Ṣebí nígbà tí wọ́n fẹ́ bí Títílayọ̀, àbúrò rẹ̀, gbogbo ilé ni wọ́n gbá.

Monílọ́lá mú ìgbálẹ̀. Ṣàà! Ṣàà! Ṣàà! Ó kó gbogbo ewé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Oòrùn yọ. Ilẹ̀ gbóná. Ilẹ̀ gbẹ.

Màmá Oko dé. Ó sọ garawa kalẹ̀. "Yéè! Ta ló gbá ibí?"

"Èmi ni, Màmá!" Monílọ́lá ń rẹ́rìn-ín. Ó ń retí "o ṣeun".

Màmá Oko fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ọmọ mi, ilẹ̀ gbígbá dára. Àmọ́ ewé yẹn ni òrùlé ìgbín. Òun náà ni oúnjẹ wọn. Oòrùn á jó ẹyin yìí."

Monílọ́lá bú sẹ́kún. "Mo ti ba ilé wọn jẹ́!"

"Ó tó, má sunkún mọ́. Ọwọ́ tó kó o lọ ló máa kó o bọ̀."

Ni Monílọ́lá bá ń kó ewé. Wàrà, wàrà, wàrà! Ó tẹ́ ẹ nípọn, nípọn. Màmá Oko wọ́n omi sí i. Tó, tó, tó.

Láràárọ̀, Monílọ́lá ń wọ́n omi. Tó, tó, tó.

"Màmá, ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọn ò tíì dé. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ti ìgbín."

Ó ku ọ̀la kí Monílọ́lá padà sílé. Ẹ̀rù ń bà á. Àbí oòrùn ti jó ẹyin náà?

Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Pà! Pà! Pà-pà-pà-pà! Òjò dé!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Monílọ́lá sáré lọ sábẹ́ igi kòkó. Ó rọra ṣí ewé kan.

Nǹkan kan mira.

Ìgbín tíńtín! Òmíràn tún rèé! Òmíràn tún nìyí!

"Màmá! Wọ́n ti dé o!"

Màmá Oko kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Monílọ́lá wò yíká, bóyá ìyá wọn wà nítòsí. "Ìyá ìgbín, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Monílọ́lá padà sí Àkúrẹ́. Ó jí láàárọ̀, ó mú ìgbálẹ̀. Ṣàà! Ṣàà! Ṣàà!

Ó dé ìdí máńgòrò. Ó dúró.

"Monílọ́lá," màmá rẹ̀ pè é, "o ò ní gbá abẹ́ máńgòrò ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ jẹ́ ká fi ewé ibẹ̀ sílẹ̀. Bóyá ẹnì kan fẹ́ bímọ níbẹ̀."

Màmá rẹ̀ wo ewé. Ó wo Monílọ́lá.

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá.