Fídíò Ọkọ̀ Alhaja

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 2024, jíìpù dúdú kan yà wọ àgbàlá tí Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn ti ń fọ ọkọ̀ ní Ọgbà. Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé girama, ń fún aṣọ ìnukọ̀ lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n ti ń retí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Fọláhàn fi po ọ̀dà ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kí wọ́n tó tì í pa. Ó mọ ọ̀dà bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fún un nígbà tí iṣẹ́ bọ́ ló fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ara ọkọ̀ dán, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ àti kabúkabú nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Ó lọ láti géètì dé géètì ní GRA, àdúgbò àwọn olówó, láti wá oníbàárà. Àwọn mẹ́gáàdì lé e. Ọ̀kan ju ìwé ìpolówó rẹ̀ sínú gọ́tà lójú Tófúnmi. Felix, tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan ní Dòpẹ̀mú, ló gbà á là. Dírẹ́bà Alhaja Hameedah ni Felix. Oṣù mẹ́fà ló fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó gbà pé kí wọ́n gbé jíìpù dúdú náà wá.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Alhaja rọra yí ọkọ̀ náà ká, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ọ̀gbẹ́ni, iṣẹ́ yín dáa. Sátidé Sátidé ni Felix yóò máa gbé e wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ibí lọkọ̀ mi ń wá.”

Láti ọjọ́ náà ni Fọláhàn ti ṣòfin pé fóònù kò gbọdọ̀ dé ìdí ọkọ̀ oníbàárà. Agolo ọ̀dà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo wọn ń kó fóònù sí. Alhaja rọra ròyìn wọn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fọkàn tán, nígbà tí ọdún Iléyá yóò sì fi dé, jíìpù mọ́kànlá ló ń wá láti GRA. Fọláhàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yunifásítì fún ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yẹ́misí, ọ̀rẹ́ Tófúnmi ní kíláàsì, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Wo àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní Lẹ́kí, fídíò ni wọ́n fi ń kó olówó wálé. Ẹ̀yin ń fọ jíìpù bí ẹni pé ẹ jí i gbé ni.”

Tófúnmi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ ra pọ́líìṣì, ó yọ fóònù rẹ̀ nínú agolo. Ó ya jíìpù Alhaja níwájú, ó yà á lẹ́yìn. “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi,” ló ń wí nínú fídíò náà. “Gbogbo Sátidé ni ọkọ̀ yìí ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ọgbà.” Nọ́ńbà ọkọ̀ náà hàn ketekete, bẹ́ẹ̀ ló sì gbé fídíò náà sórí ẹ̀rọ ayélujára.

Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti wò ó. Ní ilé-ìwé, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá ńlá. Ó pinnu pé bí oníbàárà tuntun àkọ́kọ́ bá ti dé ni òun yóò sọ fún bàbá òun.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, bí Felix ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ọkọ̀ kan dábùú ọ̀nà mọ́ ọn. Àwọn adigunjalè inú rẹ̀ gba jíìpù náà. Wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ ọwọ́ ọ̀tún Felix síbi mẹ́ta nítorí pé kò tètè fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé fídíò àwọn tó ń fọ ọkọ̀ náà dùn ún wò.

Alhaja kò pariwo. Kabúkabú ló gbé e wá.

“Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn, kí ni mo bẹ̀ yín?”

Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ kí Tófúnmi tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Èmi ni, mà. Mo fẹ́ kí oníbàárà wa pọ̀ sí i ni, mà.”

“Ọmọ mi, ẹ ti ní oníbàárà,” ni Alhaja wí. “Olè lo lọ pè kún wa.”

Oṣù náà kò parí tí jíìpù kankan kò fi yà síbẹ̀ mọ́. Fọláhàn tún padà lọ sí GRA láti bẹ̀bẹ̀, àmọ́ àwọn mẹ́gáàdì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń ru sìmẹ́ńtì ní Abúlé Ẹ̀gbá báyìí, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ yunifásítì mọ́. Kò nà án, kò bú u. Ìyẹn ló ń dun Tófúnmi jù.

Ó ti yé e báyìí pé kì í ṣe ọkọ̀ tó ń dán nìkan làwọn olówó ń sanwó fún. Àṣírí ẹni tó fọkàn tán wa kì í ṣe ohun tí à ń fi polówó ọjà, bó ti wù kí èrò ọkàn wa dára tó.

Ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ti kógbá wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún Felix kò ṣe é ká mọ́.