Ọgbọ̀n Bàtà Ṣúgà

Nígbà tí mo to bàtà kọkàndínlọ́gbọ̀n sórí kéèkì náà tán, mo sún sẹ́yìn, mo ká ọwọ́ gbera, mo wá ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dunjú tó ní òun ò yangàn, irọ́ ló ń pa. Bàtà ọmọ-ọwọ́ ni gbogbo wọn, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Òmíràn ní okùn, òmíràn ní bọ́tìnì, òmíràn ní òdòdó kékeré níwájú. Kò sí méjì tó jọra. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n pé ọgbọ̀n.

Àǹtí mi ló ni iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá Oníkéèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Yàrá iwájú ilé wa ni ibi iṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí a fi táìlì funfun tẹ́, ààrò gáàsì méjì, fáànì kan tó ń ráhùn tọ̀sántòru, àti ike ńlá tí a ń kó fọ́ńdáǹtì sí. Ṣúgà lílọ̀ ni fọ́ńdáǹtì, tí a pò títí tó fi rọ̀, tí a sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ láti fi bo kéèkì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi mọ ohunkóhun, èmi sì mọ̀ ọ́n lò.

Afọwọ́dárà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí. Àǹtí ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí kì í yin èèyàn. Bí iṣẹ́ bá dáa, wọ́n á ní kò burú. Bó bá dáa gan-an, wọ́n á dákẹ́ lọ gbáà. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí ọ̀rọ̀ ìwúrí kan péré látẹnu wọn. Mo mọ̀ pé kéèkì tọ̀tẹ̀ yìí ló máa gbà á jáde.

Ti Màmá Agbẹ̀bí ni kéèkì ọ̀hún. Wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìparí òpópónà wa, wọ́n wá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, ni ayẹyẹ wọn. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a fi bàtà ọmọ-ọwọ́ ṣe é, ọdún kan, bàtà kan. Inú Màmá dùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ tí àwọn gbẹ̀bí wọn ń bọ̀, àwọn kéékèèké inú wọn ni àwọn yóò sì pín bàtà fún kí wọ́n jẹ ẹ́. Àǹtí bi mí bóyá mo lè dá ọgbọ̀n ṣe, mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀.

Àǹtí ní òfin kan tí kò gba àwíjàre: ẹnikẹ́ni tó bá máa fọwọ́ kan fọ́ńdáǹtì gbọ́dọ̀ gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Èékánná máa ń fi àpá sí i lára, ẹ̀gbin sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti pa òfin yìí mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀, Fáàrí, ọ̀rẹ́ mi, kó gbogbo wa jọ láti lọ ya fọ́tò ìparí ilé ẹ̀kọ́. Èékánná àlẹ̀mọ́ ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n wo ọwọ́ tèmi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọwọ́ mẹkáníìkì ni. Ó dùn mí dé egungun. Mo jókòó síwájú ẹni tó ń lẹ èékánná, ó lẹ mẹ́wàá aláwọ̀ àlùkò mọ́ mi níka. Mo ní màá yọ wọ́n bí a bá ti ya fọ́tò tán. A ya fọ́tò tán, mi ò yọ wọ́n. Wọ́n ti wù mí jù.

Bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn tí mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí Àǹtí tó jí. Mo purọ́ fún wọn pé mi ò fẹ́ kí òógùn ọwọ́ mi ba àwọn bàtà náà jẹ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Àwọn ló ti fi fọ́ńdáǹtì funfun bo kéèkì náà lánàá, wọ́n wá jáde lọ, wọ́n fi gbogbo ìyókù lé mi lọ́wọ́. Mo pò ó, mo pa á láró, mo mọ ọ́n, mo sì tún fi ọwọ́ ra ara kéèkì funfun náà kí ó lè máa dán. Láàárín kan, ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi ya. Mo bọ́ ọ jù nù láìwò ó, mo fa òmíràn wọ̀. Iṣẹ́ ń wọ̀ mí lára nígbà yẹn.

Nígbà tó wá ku bàtà kan yẹn, ooru mú mi, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì. Èékánná mẹ́sàn-án ni mo rí. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún ṣófo.

Mo wá abẹ́ tábìlì, mo da garawa ìdọ̀tí sílẹ̀, mo yí inú ìbọ̀wọ́ tó ya náà síta. Ihò kan wà ní ṣóńṣó ìka ọmọńdinrín rẹ̀, ṣùgbọ́n èékánná ò sí níbẹ̀. Kò sí nílẹ̀, kò sí lára aṣọ mi. Ibi kan ṣoṣo ló kù tó lè wà, mi ò sì fẹ́ wo apá ibẹ̀.

Lórí ìdààmú yìí ni Fáàrí bá mi, ó ní òun wá ya kéèkì ní fọ́tò. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n fara balẹ̀.

"Ta ló máa mọ̀?" ló wí. "Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ rí i, ṣé ìwọ nìkan lo ní èékánná láyé ni? Bí o bá jẹ́wọ́, Àǹtí ẹ ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan kéèkì mọ́ láéláé."

Màá parọ́ bí mo bá ní ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ó wọ̀ mí létí dáadáa. Mo ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, mo yọ mẹ́sàn-án tó kù, mo ká wọn sínú bébà, mo jù wọ́n sí ìsàlẹ̀ garawa. Mo mọ bàtà kan tó kù, mo tò ó sí àyè rẹ̀. Fáàrí ya fọ́tò rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ó tó aago mẹ́rin kí Àǹtí tó wọlé. Wọ́n rọra gbé àpò ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n yí kéèkì náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un yí po. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kọrí síta, wọ́n lọ fa aránṣọ tó wà lójúkojú wa wá láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ní kó wá wo nǹkan.

"Ọmọ àbúrò mi ló ṣe é," wọ́n ń sọ fún un, ohùn wọn sì yí padà. "Òun nìkan. Màá sọ òótọ́ fún ọ, ọwọ́ ẹ̀ ti kọjá tèmi."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ó yẹ kí n fò sókè. Ńṣe ni mo dúró gbagidi, ojú ń tì mí. Aránṣọ fọwọ́ sí bàtà aláwọ̀ omi ọsàn kan, ó ní ọmọ tó bá jẹ eléyìí lọ́la, olórí ire ni. Mo fojú inú rí ọmọ náà. Mo rí ọ̀fun rẹ̀.

"Àǹtí," ni mo wí, "kò ṣe é jẹ. Èékánná mi kan wà nínú ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan bò. Aránṣọ dọ́gbọ́n jáde. Àǹtí ò lù mí, wọn ò sì pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n lù mí. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi, wọ́n bi mí pé ìka wo. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fa ọ̀bẹ kékeré yọ nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ lo kọ́ ọ," wọ́n ní. "Ìwọ ni kí o tú u."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà tí mo fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ, ìṣẹ́jú kan ni ọ̀bẹ fi ń sọ ọ́ di ẹ̀rún. Omijé ń bọ́ lójú mi. Àfọwọ́fà ni, ta ni mo fẹ́ fi sùn? Inú bàtà kẹtàdínlógún ni mo ti rí i, ní gìgísẹ̀, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ hàn kedere láàárín àwọ̀ òféfèé. Mo mí kanlẹ̀. Mẹ́tàlá ṣì wà lódindi, mo sì ti ń ṣírò bí mo ṣe máa tún wọn tò. Àǹtí gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e lọ sójú fèrèsé.

"Igun rẹ̀ kan ti kán," wọ́n ní. "Níbo ni ìyókù wà?"

A gé mẹ́tàlá yòókù, a ò rí i. A bó funfun ara kéèkì náà, a ò rí i níbẹ̀ náà. Gbogbo fọ́ńdáǹtì ọ̀hún pátá la kó dà nù. Bí a bá fi fọ́ńdáǹtì tó ṣẹ́ kù nínú ike, tí ọwọ́ mi ò tíì kàn, bo kéèkì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló máa kù. Ilé ìtajà tí a ti ń rà á ti tì, kì í sì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀.

Àǹtí ní àwọn ò ní bo nǹkan kan títí ẹni tó ni kéèkì á fi gbọ́, èmi ni mo sì máa fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sọ ọ́. Mo lọ. Mo bá Màmá Agbẹ̀bí níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nínú yàrá iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n gbé ẹrù ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní kí n dìde.

"Bí a bá fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ ìyá ọmọ," wọ́n ní, "a máa ń ka òwú tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, a ó sì tún un kà bí a bá ṣe tán. Bí ó bá dín ẹyọ kan, a kì í sọ pé bóyá ó ti bọ́ sílẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún, bóyá ò wọ yàrá mi rí. Inú mi dùn pé ìwọ náà ò gbà á láyè."

Mo ní mo kọ́kọ́ gbà á láyè. Wọ́n ní àwọn mọ̀, wọ́n ní ìdí tí mo fi dúró níwájú àwọn nìyẹn. Wọ́n wá bi mí pé bàtà mélòó ni ẹ̀kúnwọ́ yẹn lè ṣe. Mo ní méjì, bí ó bá pọ̀ jù.

"Méjì náà ti tó. Ọmọ wo ló ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀?"

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, mo gé èékánná mi mọ́lẹ̀, Àǹtí sì yẹ ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí aṣọ́bodè. Ìka lásán ni mo fi mọ bàtà méjèèjì yẹn, ní gbangba, níṣojú wọn. Mi ò kánjú. Aláwọ̀ wàrà ni wọ́n, wọ́n ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti ojú ihò mẹ́fà mẹ́fà. Màá sọ ọ́ láìtijú: láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì ṣe èyí tó dà bíi wọn.

Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn ọgbọ̀n bàtà ló ń béèrè rẹ̀ níbi ayẹyẹ náà. Àǹtí ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n ní àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ní ibi iṣẹ́ àwọn, àwọn sì dà á nù. Obìnrin kan tó fẹ́ kí a ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ní òun á ṣì lọ rò ó, kò sì padà wá títí dòní. Àǹtí ò sọ orí kọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi pé kí n fi fọ agolo, láìfọwọ́ kan fọ́ńdáǹtì. Mo fọ ọ́ pé.

Nígbà tí wọ́n gé kéèkì tán, Màmá Agbẹ̀bí mú bàtà kan, wọ́n nà án sí ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kò wò ó lójú ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ki gbogbo rẹ̀ bọnu, okùn rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì wú. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wò ó bó ṣe ń fi eyín mẹ́jọ rẹ̀ rún un títí tó fi gbé e mì, tó sì tún na ọwọ́ fún èkejì. Ọkàn mi ò mì rárá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fi ń yangàn lónìí nìyẹn. Ọgbọ̀n bàtà tó wà nínú fọ́tò Fáàrí rẹwà, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni mo ṣe wọn fún. Iṣẹ́ tó yẹ kéèyàn fi yangàn ni èyí tí ọmọ ọlọ́mọ lè jù sẹ́nu níṣojú ẹni, tí ọkàn ẹni á sì balẹ̀.