Oṣù Tó Lé Lórí Òkè Sóbì

Kí òyìnbó tó wọ Ìlọrin, ọkùnrin méjì gun Òkè Sóbì láti wo oṣù ìtúnu ààwẹ̀. Abdulkadir ní òun rí i. Hàrúnà ará Gàmbàrí, tí wọ́n jọ dúró, ní òun kò rí nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí méjì ni ìmáàmù ń fẹ́, nítorí náà gbogbo ìlú gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Abdulkadir nìkan ló jẹun. Wọ́n nà án ní ọjà Ipata, wọ́n sì sọ ọ́ ní Òpùrọ́-oṣù.

Ogún ọdún kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, Yàhàyá ọmọ Abdulkadir wà lórí òkè yẹn kan náà. Ó ń ṣọ́ àpótí idẹ kan tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ fi ń ka eruku inú afẹ́fẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú igbá èso òrí lórí, ìrì ń kán létí ìró rẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

"Kí lo ń kó sínú àpótí?"

"Afẹ́fẹ́."

"Áà! Ṣé ó ti tán nílé yín ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ wo dígí àpótí náà. "Kò kúkú sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kò tíì sí ni. Nǹkan kan ń jáde lára ewé wọ̀nyí tí ojú ò lè rí. Bí oòrùn bá mú un, á di eruku bíńtín. Bíńtín á lẹ̀ mọ́ bíńtín, wọ́n á máa mu omi inú afẹ́fẹ́, wọ́n á máa sanra. Tó bá dọ̀sán, o ò ní rí ìlú mọ́."

"Irọ́ ni."

"Dúró kí o wò ó."

Ọmọbìnrin náà, Asabe, dúró. Nígbà tó dọ̀sán, ìkùukùu aláwọ̀ aró ti bo gbogbo òrùlé ìlú.

"Àṣé òótọ́ lo ń sọ," ó ní.

Yàhàyá kò gbọ́ kí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún ará ilé wọn rí. Látọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí i. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń pàdé kí ó tó bèèrè ọmọ ẹni tí í ṣe.

"Ọmọ Àáfà Hàrúnà, ní Gàmbàrí."

Yàhàyá lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ Hàrúnà ni òun fẹ́ fẹ́.

Bàbá rẹ̀ kò pariwo. "Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí Hàrúnà kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí." Hàrúnà náà fèsì: ó fi Asabe fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Danjuma, ó sì dá ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ fún yìgì. Asabe kò jẹ, kò mu. "Àyànfẹ́, wá nǹkan ṣe," ló ránṣẹ́ sí Yàhàyá.

Lọ́sàn-án Alámìsì, Yàhàyá mú bàbá rẹ̀ lọ sílé Hàrúnà ní Gàmbàrí. Asabe dúró lẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, ó di etí ẹní náà mú.

"Ẹ̀yin bàbá," Yàhàyá ní, "ó ṣeé ṣe kí ẹnì kankan má purọ́. Lókè yẹn, àwọn eruku bíńtín inú afẹ́fẹ́ tí ojú ò lè rí lè mu omi, kí wọ́n sanra lójijì, kí wọ́n bo oṣù. Bóyá bàbá mi wò kó tó bò, tí Àáfà sì wò lẹ́yìn ìgbà yẹn."

Abdulkadir wo ẹnu ọ̀nà. Ó rí i tí ẹní náà ń mì. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní, bí ẹni tó ń gbé òkúta mì, "mo gbà. Kí wọ́n fẹ́ra wọn."

Hàrúnà mí kanlẹ̀. "Asabe, jáde wá. Ọkọ rẹ nìyí. Màá fúnra mi bá Danjuma sọ ọ́."

Asabe kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàhàyá, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Hàrúnà dìde, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọjá lọ kírun Alásárì. Yàhàyá di ọwọ́ Asabe mú. Kò mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ẹ dúró!" Hàrúnà kígbe. "Ìkùukùu kankan ò sí lókè lọ́jọ́ náà. Èmi ni ìmáàmù rán, Abdulkadir kàn bá mi lọ ni, òun ló sì kọ́kọ́ nàka sí oṣù. Inú bí mi. Mo rí oṣù yẹn. Èmi ni mo purọ́."