Eyín Nimotallahi àti Omi Eérú

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó ń jẹ àgbàdo, kó jẹ ẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé dání, ó sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní Ìrókò, kò sẹ́ni tó ń se ọṣẹ dúdú tó ti Mùjíbátù. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ti sun èèpo kòkó di eérú, ó ti sẹ́ omi rẹ̀ sínú korobá, ó ń gbé àdín kaná, ó sì ń kọrin. Kí ló dé tí kò ní kọrin? Ọ̀túnla ni nikáà Nimotallahi, àkọ́bí rẹ̀.

Eyín ọmọ náà nìkan ló ń kọ ọ́ lóminú. Láti kékeré ló ti pọ́n bíi ti ẹni tó ń jẹ obì, bẹ́ẹ̀ kò jẹ obì rí. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu.

Igbe ló gbọ́ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó fi máa débẹ̀, Nimotallahi ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń tu ẹ̀jẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti wú.

"Kí lo fi sẹ́nu?"

"Omi eérú, Ìyá mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún oníbàárà pé kò sí ìdọ̀tí tí kò lè bó."

"Mo gbé o! Èmi tí mo ń fi ọ̀rá di ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án!"

Zubaidah, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, sáré gbé epo pupa dé. "Ẹ jẹ́ ó mu ún kíá!" Ọmọ náà kọ̀, ó ń mi orí. Bí òun àti Mùjíbátù ṣe gbé e sórí ọ̀kadà Lateef aládùúgbò wọn nìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eyín n'Íbàdàn.

"Ṣé ó gbé e mì?" Dókítà Akínwándé ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ó tu ú dànù, sà. A fẹ́ fún un lépo."

"Ó dáa tí kò mu ún. Tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi yọ ẹnu, ọ̀pọ̀ omi, léraléra. Ẹ má jẹ́ ó bì, kẹ́ ẹ sì máa gbé e bọ̀ kíákíá." Ó tan iná sí ẹnu ọmọ náà. "Omi eérú ti jẹ ara òde eyín. Èyí tó ti lọ kì í hù padà, màmá. Omi tútù á máa ta á."

"Dókítà, ẹ ṣáà bá wa sọ ọ́ di funfun nítorí Sátidé."

"Lójú egbò? Ó dìgbà tó bá jinná. Àwọ̀ tí obì, tíì àti tábà ń fi sára eyín, òde ló máa ń wà, a lè ha á kúrò. Tiẹ̀, inú ló wà. Ṣé ó lo kápúsù pupa àti yẹ́lò ní kékeré?"

Ẹnu Mùjíbátù là sílẹ̀. Ó rántí ọyẹ́ ọdún kan, ikọ́ tí kò lọ, kápúsù tó ń tú sínú ẹ̀kọ ọmọ láràárọ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú u."

"Ẹ ò mọ̀ ni. Kápúsù yẹn kò yẹ aboyún, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Inú eyín tó ṣì ń dàgbà lábẹ́ erìgì ló ń wọ̀. Tó bá jinná, a lè fi oògùn wa mú un mọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè má funfun tán."

"Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò ńkọ́?" ni Zubaidah bi í.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ẹ má fi sẹ́nu."

Nígbà tó di Sátidé, Mikail ọkọ ìyàwó wo ètè wíwú náà, ó mi orí. "Nímọ̀, eyín yìí náà lo fi rẹ́rìn-ín sí mi tí mo fi wá bá bàbá ẹ. Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Wọ́n so yìgì. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹran àgbò, Mùjíbátù sì dá orin fún wọn:

Eyín ò ṣe é fi eérú bó,
ọmọ mi, lọ rí dókítà.
Kápúsù ò ṣe é dà sẹ́kọ,
ìyá ọmọ, béèrè kó o tó lò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bi dókítà kẹ́ ẹ tó fún ọmọ lóògùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó kọ́ṣẹ́ eyín ni kẹ́ ẹ fi eyín yín hàn.

Gbogbo àlejò yó, wọ́n ń kọ orin náà relé. Ìyàwó nìkan ló jókòó ti ìkòkò, tó ń fi ṣíbí mu ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ níjọ́ nikáà rẹ̀.