Nọ́ńbà Tí Nerys Kò Wọ̀n

"Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ yìí bá ti dún, tún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá wọ̀n. Ohun tí o bá tẹ̀ sínú ẹ̀ làwọn nọ́ọ̀sì ń rí nínú ilé ìwòsàn," ni Gethin wí. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà lé Nerys lọ́wọ́, ó sì sáré gba inú òjò lọ bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Nerys, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ áńbúláǹsì lọ́dọ̀ Gethin ní ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Wales. Áńbúláǹsì wọn ti tò sẹ́yìn àwọn yòókù níwájú ilé ìwòsàn, aláìsàn sì wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá burú jù lójú ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé wọlé. Ìyà gidi ni, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára níbẹ̀.

Màmá Olwen Prosser ló dùbúlẹ̀ sínú tiwọn, opó kan tó ń sin àgùntàn. Àgbò kan ló kàn án mọ́ ògiri láàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ń dùn ún, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Ó bi Nerys pé ìwé wo ló ń yọjú sí. Nerys ní ìdánwò òun ni lọ́la, òun sì ti fìdí rẹmi nígbà kan rí. Bí òun bá tún kùnà, ó di ilé nìyẹn.

"Kàwé ẹ, ọmọ mi," ni màmá wí. "Àgbò tó kàn mí ò kàwé, wo ìwà tó hù."

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dún, Nerys wọn ìfúnpá màmá, ó dára. Kò pẹ́ tí màmá ní òtútù ń mú òun, oorun sì ń kun òun. Nerys da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó padà sídìí ìwé. Ẹ̀rọ tún dún. Bó ṣe ń na ọwọ́ sí apá màmá ni Rhys, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, yọjú láti inú áńbúláǹsì ẹ̀yìn.

"O fẹ́ jí arúgbó tó ń sùn? Tẹ 'bákan náà' níbẹ̀ yẹn, kóo máa kàwé ẹ. Gbogbo wa la ń ṣe é."

"Gethin ní kí n wọ̀n ọ́n."

"Ṣé Gethin ló máa bá ẹ ṣèdánwò?"

Nerys tẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá bọ́ sí àyè tuntun bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n wọ́n. Nígbà tó tún dún, kò tilẹ̀ gbójú sókè kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń ni èèyàn lára, èkejì kì í wúwo.

Gethin padà dé, ó fọwọ́ kan màmá, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú ikùn obìnrin náà láti àárọ̀. Wọ́n gbé e wọlé pẹ̀lú eré, àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nọ́ọ̀sì Bethan, tó ń yan ẹni tí yóò wọlé, kò pariwo. "Bẹ́ẹ̀dì kan ṣí lẹ́ẹ̀kan. Mo wo nọ́ńbà tóo fi ránṣẹ́, ara màmá balẹ̀, mo bá gbé ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kán wọlé. Ṣé o wọ̀n ọ́n?"

Nerys ní òun ò wọ̀n ọ́n. Rhys wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ẹni tó ní gbogbo wa la ń ṣe é, kò rántí pé òun wà lára gbogbo wa.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Nerys. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Mair, ọmọ màmá, ló dé, tó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, tó ń dúpẹ́ pé kò fi ìyá òun sílẹ̀ ní òun nìkan. Nerys ò lè gba ọpẹ́ náà. Ó sọ òtítọ́ fún un tẹkúntẹkún.

Mair rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "O jókòó ti màmá mi, o ò sì wò wọ́n?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá wọ̀n, ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wọ̀n ọ́n, ì báà jẹ́ gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ẹni tí yóò kà á gbà yín gbọ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn sì lè so mọ́ ìgbàgbọ́ náà.