Ohun Tó Ń Fa Ìlà Sára Èèpo Igi

Fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ ni káfíńtà wá tún ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí tíṣà obìnrin kan. Tíṣà fojú lẹ mọ́ èèpo igi kan nínú ọgbà bí ẹni tó ń yọjú wo inú ilé onílé.

"Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ara igi yìí ò yá ni?"

Ojú ti tíṣà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ìyá Eléèpo, nítorí ohun abẹ̀mí kan tó fẹ́ràn. Ara èèpo igi ló ń gbé, ó sì ń fa ìlà dúdú wẹ́wẹ́, bí ẹni pé èèrà ki ẹsẹ̀ bọ tàdáwà, ó rìn kọjá. Kò fẹ́ kí ọkùnrin arẹwà yìí náà fi òun rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "àìsàn ló ń ṣe é."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Káfíńtà a máa sìn ín délé lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tíṣà sì gba tiẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò pàdé.

Nígbà tó ku ọ̀la, tíṣà ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá igi iwájú ilé wọn tó funfun báláú. Káfíńtà dúró tì í, búrọ́ọ̀ṣì onírin lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Olólùfẹ́ mi, mo ti wo igi yín sàn! Àìsàn ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló wà lára rẹ̀. Mo ha á dànù, mo sì fi ọ̀dà kùn ún."

Ìlà ara igi yẹn gan-an ni tíṣà ti ń ṣọ́ láti kékeré. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Máa lọ. Kí àwọn ẹbí rẹ má wulẹ̀ wá mọ́."

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wọ yàrá. "Ta ló sọ fún un pé àìsàn ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Háà! O purọ́ fọ́mọ ọlọ́mọ, o wá ń lé e nítorí pé ó gbà ọ́ gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó sì dìde lọ bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọkàn mi, irọ́ ni mo pa. Igi ò ṣàìsàn, ohun abẹ̀mí kan ló ń fa ìlà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi pamọ́ fún ọ, kí o má baà fi mí ṣẹ̀sín."

Káfíńtà gbé ayùn rẹ̀ kalẹ̀. "Èyí tí mo ha dànù ńkọ́? Ṣé á tún hù?"

"Bóyá. Ó lè pẹ́ títí irun wa á fi funfun."

"Ìwọ nìkan lá sì máa dúró dè é?"

"Bí àwọn ẹbí rẹ bá wá lọ́la, kì í ṣe èmi nìkan."

Káfíńtà gbọn èérún pákó dànù lára. "Bàbá mi ti fìbínú ká ẹ̀wù rẹ̀ padà sínú àpótí. Jẹ́ n sáré lọ bẹ̀ ẹ́ kó tún yọ ọ́."