Ìgò Ìtọ̀ Bàbá Luqman

"Gbà, tọ̀ sínú rẹ̀." Sàníù, tó ń ta gàrí ní Ṣáṣá, na ìgò kékeré kan sí ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Luqman yanu. "Èmi kẹ̀? Bàbá, ìtọ̀ tiyín ni wọ́n ní kí ẹ mú wá o."

"Kí n wá gbé ìtọ̀ mi lé ọmọbìnrin yunifásítì tí mo lè bí yẹn lọ́wọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ló wà lára rẹ ni? Ṣe kíá jàre, ọkọ̀ ò ní í dúró dè mí."

Nínú ilé wọn ní Ìrókò, ọmọ kì í bá àgbà jiyàn iṣẹ́ tó bá rán an. Luqman ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Ọdún 1994 ni. Mojíbọ́lá, tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì, ló wá gba ìgò náà. Ó ti béèrè ohun tí oníkálukú ń jẹ, ohun tó ń mu, bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn sí, àti àìsàn tó ṣe òbí rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ sí, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bọ̀ wá bá, kí wọ́n sì tètè kìlọ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Luqman ò ti balẹ̀. Èèrà máa ń bo ibi tí bàbá rẹ̀ bá tọ̀ sí. Wọn kì í dé ibi tí òun tọ̀ sí. Òùngbẹ ń gbẹ bàbá rẹ̀ ṣáá, míníráàlì ló sì fi ń pa á. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun ti dójú ti bàbá òun. Bí òun bá dákẹ́ ńkọ́? Orí rẹ̀ dà rú.

Nígbà tí Mojíbọ́lá padà dé, ọkàn tirẹ̀ náà ò balẹ̀. "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín rú wa lójú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìdáhùn wọn jọ tiyín ni ṣúgà wà nínú ìtọ̀ wọn. Tiyín ò ní rárá. Ṣé ká wá sọ fún àwọn tó jọ yín pé kí wọ́n má foyà ni?"

"Àlùhámúdùlíláì! Ara mi le bí irin!" Sàníù rẹ́rìn-ín.

"Tèmi ni!" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu Luqman. "Ìtọ̀ tèmi ni, Àǹtí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Sàníù wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Nígbà tó ṣe, ó nawọ́. "Ẹ mú ìgò míì wá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ọ̀rá dúdú tí n ó fi wé e."

Ṣúgà wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Sàníù bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó fi míníráàlì sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó fajú ro mọ́ Luqman fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló kàn sọ pé: "Mo lè rán ọ lọ sí Ṣáṣá. Ara mi yìí, èmi fúnra mi ni n ó máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò."

Ẹ̀yin ọmọ, ìgbọràn dára. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ bá bá àgbà pa nítorí ọ̀wọ̀ lè gba àgbà náà lọ́wọ́ yín.